Òpó nẹ́tíwọ̀kì wà lóde, íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé: ẹ̀kọ́ tí sòbìà kọ́ ará Ìdèrè

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Ìdèrè, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìtàn sòbìà fún un. Àrùn burúkú ni. Á mú àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásìkò tí iṣẹ́ oko dé gan-an, kò sì ní í jẹ́ kó lè dìde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọmọ iléèwé á jókòó sílé, ìyá ọlọ́jà á pa ìsọ̀ tì. Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni wọ́n ti ń mu ún. Ohun tó sì dunni jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé kò sí ẹ̀rọ omi rárá. Ẹ̀rọ omi wà, omi ni kì í sun déédéé nínú rẹ̀. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá ti gbẹ, ọ̀gọ̀dọ̀ náà ni ìyá á tún gbé korobá lọ.

Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń ṣe ètò ìlera ní Ìbàràpá láti ọdún 1963, bá ará Ìdèrè dá sí ọ̀rọ̀ náà. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń bá jà káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 1987 sí 1988, iye wọn lé ní 650,000. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó mú un kẹ́yìn lórílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2013, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ẹ lè bi í pé, kí ló wá kan íntánẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rọ̀ sòbìà? Ó kàn án gan-an ni. Ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ omi kọ́ ará Ìdèrè nígbà náà ni òpó nẹ́tíwọ̀kì tún ń kọ́ gbogbo Ìbàràpá lónìí: kí nǹkan wà nílùú, ọ̀tọ̀, kó wọnú ilé, ọ̀tọ̀. Ìjọba lè ka páìpù, kó ní omi ti dé. Ẹni tó ń wá omi tí yóò fi se ẹ̀bà ló mọ̀ bóyá omi dé tàbí kò dé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ san ojú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, láti Ìdèrè dé Ìgbò-Ọrà, láti Èrúwà dé Tápà, Ayétẹ̀, Lánlátẹ̀ àti Ìgàngàn.

BÓ ṢE Ń RÌN DÉ ÌBÀRÀPÁ

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ kó yé gbogbo wa. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í já bọ́ láti ojú sánmọ̀ lásán. Wáyà ńláńlá ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti òkè òkun, abẹ́ òkun ni wáyà náà ń gbà títí tó fi gúnlẹ̀ sí Èkó. Láti Èkó, wáyà mìíràn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ á gbé e lọ sí àwọn ìlú ńlá bí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Láti ibẹ̀, bí kò bá gba wáyà, á máa gba afẹ́fẹ́, òpó kan á jù ú sí òpó kejì, títí á fi dé òpó tó wà nítòsí yín. Òpó yẹn ló ń jù ú sínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín.

Ibi tó bá wù kó já nínú ìrìn àjò yìí, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já lápá ọ̀dọ̀ Ivory Coast. Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà, nẹ́tíwọ̀kì ò sì lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ẹni tó ń ta gàrí lè má dé etí òkun rí láyé ẹ̀, síbẹ̀ wáyà tó já lábẹ́ òkun lè dá alẹ́ẹ̀tì oníbàárà rẹ̀ dúró.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ yìí ò tíì rìn jìnnà o. Kó tó di ọdún 2001, nígbà tí NITEL nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo tẹlifóònù, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ kò ju nǹkan bí 400,000 lọ fún èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí wọ́n ń pè ní GSM bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan nígbà náà, ₦50 ni! Ẹni bá ní fóònù láyé ọjọ́un, olówó ni. Nígbà tí Glo dé lọ́dún 2003, tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ni àwọn yòókù bá tẹ̀ lé e. Bí mẹkáníìkì, tẹ́lọ̀, onídìrí àti ìyá ẹlẹ́kọ ṣe dẹni tó ní nọ́ńbà nìyẹn.

Àmọ́ o, fóònù kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì máa pè, á gbà, á sì fi téẹ̀sì ránṣẹ́. Kò lè gbé fọ́ọ̀mù iléèwé wọlé, kò sì lè fi ẹ̀kọ́ han ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín èèyàn sí méjì báyìí: ẹni tó lè wọlé àti ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

ÀWỌN WO LÓ WÀ LÓDE?

Àjọ ITU, tó ń bá Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé mójú tó ọ̀rọ̀ yìí, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2024. Wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gbé ìlú ńlá láyé, 83 ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ń gbé ìgbèríko, 48 péré ni. Ní ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù méjì àti 600 mílíọ̀nù èèyàn ni kò tíì fọwọ́ kàn án rí tàbí tí kì í lò ó. Àwọn obìnrin sì tún kéré sí àwọn ọkùnrin nínú àwọn tó ń lò ó.

Nílé níbí ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ṣe ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, wọ́n ní kó tó di òpin ọdún 2025, íntánẹ́ẹ̀tì tó yá dáadáa á ti dé ọ̀dọ̀ 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di òpin ọdún 2024, àjọ NCC tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 44. Nígbà tí ọdún 2025 ń parí lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní 50 ni. Ẹ sì fi sọ́kàn pé síìmù ni wọ́n ń kà. Ẹlòmíì ní síìmù méjì, ìyá àgbà kan kò sì ní ẹyọ kan.

Àní bí wọ́n bá tiẹ̀ ka ilé, ẹ jẹ́ ká béèrè pé ta ló ni fóònù ńlá nínú ilé náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bàbá á mú un jáde láàárọ̀, ó di alẹ́ kí ọmọ tó rí i fọwọ́ kàn. Nígbà tó bá sì fi máa dé, iná inú rẹ̀ á ti kú, kò sí iná NEPA, epo jẹnẹrétọ̀ ò sì sí. Wọ́n á ní ilé náà ní íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni. Ṣé ọmọ náà ní?

ẸNI TÓ Ń RA EPO NÍ ṢÍBÍ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ló máa tètè yé jù. Ẹni tó ra epo pupa odidi kẹ́ẹ̀gì kan àti ẹni tó ń rà á ní ṣíbí, ta ni epo wọ́n fún jù? Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé ẹni tó ń ra ti ṣíbí ló ń san owó jù nígbẹ̀yìn. Bí dátà náà ṣe rí nìyẹn. Olówó á ra ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà, owó tó san lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan á sì kéré. Tálákà á ra ti òní. Tí ilẹ̀ bá sì mọ́, èyí tí kò lò á ti bá ọ̀gànjọ́ lọ. Epo ṣíbí tiẹ̀ sàn, torí bó bá ṣẹ́ kù sínú ìgò, ó ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́la!

Àwọn tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí lágbàáyé sọ lọ́dún 2018 pé íntánẹ́ẹ̀tì tó kéré jù kò gbọdọ̀ gba ju náírà méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó ń wọlé féèyàn lóṣù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦1,400. Wákàtí kan péré tí ọmọ bá fi wo fídíò ẹ̀kọ́ lè jẹ ìdajì 1GB tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ilé tó ní ọmọ iléèwé mẹ́ta, ọjọ́ mélòó ni ₦1,400 máa gbé? Ìyá tó ń ta làfún kò sì gba owó oṣù. Ohun tí ọjà bá fún un ló ń mú lọ sílé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC tún fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó tó tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà.

Àwọn kan á ní ṣebí Starlink ti dé, tó ń gba ojú sánmọ̀ tààrà láìwá òpó kankan. Ó dé lóòótọ́, ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, á wá máa san ti oṣooṣù. Lọ́dún 2025, ti oṣooṣù yẹn kúrò ní ₦38,000, ó di ₦57,000 fún ilé kan. Ẹ fi wé owó oṣù ₦70,000 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÓ Ń BỌ́ LỌ́WỌ́ ỌMỌ

Ìgbà kan wà tí ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ò pàdánù nǹkan kan ju òfófó lọ. Ìgbà yẹn ti lọ. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di asin kọ̀ǹpútà mú lọ́jọ́ ìdánwò àti ọmọ tó ti ń fi ṣeré nílé látìgbà tó ti wà ní kékeré, ìbéèrè kan náà ni wọ́n fún wọn, aago kan náà ló sì ń ka àkókò fún àwọn méjèèjì.

Ìdánwò tiẹ̀ rọrùn ju ohun tó kù lọ. Láti ọdún 2017, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni JAMB ti ń fún ọmọ ní àyè iléèwé gíga, ọmọ náà gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lọ wò ó, kó sì tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Èyí tí kò bá tètè wò ó, àyè lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní NELFUND, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣí i sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Torí ọmọ tálákà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ọmọ tálákà ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì gbé e gbà!

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí nílé:

"Màmá, wọ́n ní orúkọ tó wà lórí NIN mi ò bá ti sátífíkéètì mu o. Mo gbọ́dọ̀ tún padà sí kàfé lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀? Lọ́jọ́ ọjà? Ta ló máa bá mi ru ẹrù? Owó ọkọ̀ ìjẹta ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ní bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n máa ti tì í."

Ẹ ka owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí Ìgbò-Ọrà, owó ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, owó ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, àti èrè ọjọ́ ọjà kan. Bí nẹ́tíwọ̀kì ò bá sì lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n á tún un rìn. Ọmọ ẹni tó ní i nílé á jókòó sí pálọ̀ lálẹ́, á ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á lọ sùn. Ẹni tí kò ní ló ń san owó jù. Ohun tó yẹ kí gbogbo aráàlú gbọ́ nìyẹn.

Ọlọ́jà náà ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ní káwọn èèyàn kó owó àtijọ́ wá sí báǹkì, tí tuntun ò sì sí níta, ẹni tó lè fi fóònù gba owó ló ń rí ọjà tà. Ẹni tí kò lè gba alẹ́ẹ̀tì jókòó ti tòmátì tó ń rà lójú ẹ̀, tàbí kó san owó gọbọi fún oní POS kó tó rí owó ara rẹ̀ gbà. Ọjọ́ 3, oṣù kẹta ọdún náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dájọ́ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọjà ti bàjẹ́ kó tó dìgbà náà.

OHUN TÁ A LÈ ṢE LÓNÌÍ

Nígbà tí ẹ̀rọ omi ò sun, ará Ìdèrè ò káwọ́ gbera. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi. Aṣọ ò sọ ọ̀gọ̀dọ̀ di omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó dáàbò bo ẹsẹ̀ wọn títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Asẹ́ tiwa náà wà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èkíní, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí fóònù onítọ́ọ̀ṣì lè ṣe láìlo dátà. Láti ọdún 2023, NCC ti sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di ọ̀kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì: *310# ni wọ́n fi ń wo owó tó kù nínú síìmù, *311# fún kíkó káàdì sínú fóònù, *323# láti wo dátà tó ṣẹ́ kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá iléeṣẹ́ fóònù yín sọ̀rọ̀, 300 ni kẹ́ ẹ pè. Bí wọ́n bá jẹ yín ní owó tí wọn ò sì dá yín lóhùn, ẹ pe 622, ọ̀dọ̀ NCC fúnra rẹ̀ ni, wọn ò sì ní í gba kọ́bọ̀ lórí ìpè náà. *346# ni wọ́n fi ń wá NIN tó bá ti sọnù. Ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ JAMB lè kọ NIN, kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà mọ́kànlá rẹ̀, kó fi téẹ̀sì náà ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Fóònù kékeré á ṣe é. Kò dìgbà téèyàn bá lọ sí kàfé fún ìyẹn.

Èkejì, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tó lè dá àjọ ra ìgá aṣọ lè dá àjọ ra fóònù ńlá kan àti dátà oṣooṣù fún ilé ìpàdé wọn. Ẹgbẹ́ tẹ́lọ̀, ẹgbẹ́ wẹ́dà, ẹgbẹ́ ẹlẹ́lùbọ́, wọn ò lè ṣe aláìní ọmọ kan tó ti parí SS3, tó mọ̀ ọ́n lò. Kí wọ́n fún ọmọ náà ní nǹkan díẹ̀, kó máa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wo èsì ìdánwò, kó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù lójú ara wọn. Dátà oṣooṣù tí ogún èèyàn jọ rà, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n jọ rà yẹn, kì í ṣe ṣíbí mọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o! Ẹni tó ń bá yín tẹ fóònù kò gbọdọ̀ mọ nọ́ńbà àṣírí báǹkì yín. Ẹ tẹ ìyẹn fúnra yín, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ yín ló jókòó tì yín. Ẹ má fi nọ́ńbà NIN yín ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bí oníbàárà bá sì fi alẹ́ẹ̀tì hàn yín, ẹ wo inú àpò owó tiyín ná kẹ́ ẹ tó gbé ọjà fún un. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí kò mọ̀wé ni alẹ́ẹ̀tì èké máa ń mú.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká bèèrè ẹ̀tọ́. Òfin ọdún 2003 tó dá lórí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí dá àpò owó kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní USPF. Ara owó tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ń san fún ìjọba ló ń wọ ibẹ̀, torí kí íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifóònù lè dé ìgbèríko ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Owó yẹn kì í ṣe ti Èkó àti Àbújá. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá tún dé pẹ̀lú ìrẹsì àti aṣọ àǹkárá, kí ìyálọ́jà bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré: Iléèwé ìjọba wo ní Ìdèrè lẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ sí? Ta ni yóò máa san owó dátà rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò ìṣíde tán? Iná wo ló máa gbé e?

Ìbéèrè kejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀rọ omi ò kú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ẹ̀yìn ọ̀la ló kú, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe mọ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tì mọ́nú yàrá torí pé dátà ti tán, ẹ̀rọ omi tó gbẹ náà ni.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín? Ẹgbẹ́ tó bá ti dá dátà jọ rà, ẹ kọ̀wé sójú ewé lẹ́tà, kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é àti iye tó ná yín, kí àwọn ìlú yòókù lè rí i kọ́.